Ẹsẹ̀ Mi Lórí Ìṣó

Àdùkẹ́, má tíì lọ pọn omi ìwẹ̀, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá kí ó tó pòórá lójú mi. Mo wà ní pápá wa àtijọ́, fèrè wà lọ́rùn mi, wọ́n ní mo ti kúrò ní agbábọ́ọ̀lù, mo ti di kóòṣì. Ẹni tó ń tọ́jú jẹ́sì kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, bí a ti ń ṣe é nìyí." Ó bọ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì bí ẹni bọ́ bàtà, ó gbé wọn kọ́ ìṣó láàárín àwọn jẹ́sì nínú yàrá aṣọ. Ó ní bí eré bá parí kí n tó gbà wọ́n, òun yóò ti yàrá náà pa títí láé.

Eré ku díẹ̀ kí ó parí, wọ́n fún wa ní pẹnárítì. Àyìndé, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní bọ́ọ̀lù, ló jáde láti gbá a, ẹsẹ̀ mi tí ó mú lórí ìṣó ló sì wọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kóòṣì, ẹsẹ̀ yín mà ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó." Èmi tí àwọn aṣọ́lé máa ń bẹ̀! Mo ní, "Gbá a sí òsì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà mọ̀." Òkété ti dàgbà, ọmú ọmọ ló kù kí ó máa mu. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí igi góòlù. Àyìndé wo ilẹ̀, ó ní, "Ó ti rẹ àwọn ẹsẹ̀ yìí, bàbá."

Mo fẹ́ lọ gba ẹsẹ̀ mi lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòṣì kì í kọjá ìlà ẹfun etí pápá. Mo nawọ́, kò tó. Rẹfirí gbé fèrè sẹ́nu, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn yàrá aṣọ, mo sì jí, mo di orúnkún mi mú.