Àpótí Bátìrì Mẹ́sàn-án

Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, kò sì sí ẹyọ kan tó yàyàkuyà nínú wọn.

Nígbà tí mo kó dé ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn mi, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nílé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ni páálí bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń fi bisikíìtì ṣe oúnjẹ àárọ̀. Aláròyé là ń pè é, torí láti ìgbà tó bá ti lajú títí oorun á fi gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tí mo dé gan-an ló bi mí bóyá aláǹgbá máa ń fọ eyín.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ṣé ọmọ lò ń bọ́ ni àbí èèrà?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò tètè ń kúrò níbi iṣẹ́ ni," ó fèsì. Yunifọ́ọ̀mù ló ń rán nílé iṣẹ́ kan.

Mo ní kò burú, èmi á fún ọmọ-ọmọ mi ní oúnjẹ gidi.

Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni ọmọ mi ń rà. Á là á, á yọ òjé inú rẹ̀, á yọ́ ọ lórí iná, á tà á. Àpótí ike tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń kó o jọ sí. Èmi tí mi ò lè rí nǹkan kó ṣòfò, mo ní kó kó mẹ́sàn-án wá fún mi, kó sì bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà wá. Mo fi ọṣẹ fọ àwọn àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo gbin ẹ̀fọ́ sí wọn. Ẹ̀fọ́ náà yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo pe aládùúgbò wá wò ó.

Aláròyé ò fẹ́ ẹ̀fọ́. Á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á lọ tu ú dànù. Nígbà tí mo já ọgbọ́n rẹ̀, mo ṣòfin: tó bá ti jẹun, á wá síwájú mi, á la ẹnu, á yọ ahọ́n, kí n rí i pé ó ti gbé e mì. Nígbà náà ni màá pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó máa fi tó oṣù mẹ́fà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀. Mo ní bisikíìtì ni, mo kó páálí tó kù dànù lójú ìyá rẹ̀. Ṣebí ẹ̀fọ́ ló ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀? Mo fi kún ẹ̀fọ́: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á gbàgbé ìyókù. Nígbà tó yá, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì di ìbínú. Mo kọjú sí ìyàwó ọmọ mi níṣojú ọkọ rẹ̀.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ilé yìí lohun tó ń ṣe ọmọ yìí wà. Kí lò ń fún un jẹ tí mi ò bá sí nílé?"

Ó sunkún. Nígbà tí gìrì gbé ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, òun ló pọ̀n ọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn, àwa tó kù ń tẹ̀ lé e.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Dókítà náà, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, ní, "Òjé ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe?"

Ọmọ mi sọ ọ́. "Àmọ́ ọmọ yìí ò dé ṣọ́ọ̀bù mi rí, dókítà. Mo máa ń wẹ̀, màá pààrọ̀ aṣọ, kí n tó wá sílé."

"Ṣé kò sí nǹkan kan láti ṣọ́ọ̀bù tó wà nílé?"

Ìyàwó ọmọ mi wò mí, ó sì gbójú kúrò kíá. Ó mọ̀, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fojú rẹ̀ rí, ó ṣì ń bò mí láṣìírí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Àpótí bátìrì ni," mo ní. "Mo gbin ẹ̀fọ́ sí i. Àmọ́ mo fọ̀ wọ́n, dókítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ wọ́n."

"Màmá, òjé kì í bá omi ọṣẹ lọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn náà, ẹ̀fọ́ sì ń fà á mu."

Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ á padà sẹ́nu ọmọ-ọmọ mi. Ó ní oògùn á dín òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù, àmọ́ èyí tó ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ, òun ò lè ṣèlérí. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin àbúrò. Ìbànújẹ́ wọn ò tó èyí, torí èyí, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Aláròyé rún ojú, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rìn wá síbi tí mo jókòó sí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ́tí sí i.

Ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n, ó dúró síwájú mi, ó ń retí kí n pàtẹ́wọ́.