Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Dosu

Ìyá Dosu ti ṣí ìdérí ìgò apakòkòrò, ó kù díẹ̀ kó dà á sínú omi ìwẹ̀, ni Túnmiṣe, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá gbá ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá náà mọ́ àyà, ó sún sẹ́yìn.

"Màámi, ẹ má bínú. N ò ní gbé e fún yín."

Ní gbogbo Imeke, ìyàwó wo ló dán irú rẹ̀ wò? Àmọ́ awọ itan ọmọ ti ń bó, ó pọ́n yòò, bí omi yẹn bá ti kàn án, igbe ni. Nọ́ọ̀sì ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ lásán ti tó. Ìyá Dosu ní kí nọ́ọ̀sì lọ wẹ ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Túnmiṣe náà sì ti di ẹrù: bí apakòkòrò bá tún kan ọmọ lónìí, ilé ìyá rẹ̀ ní Morogbo ló ń gbé e lọ.

"Ó dáa, ọṣẹ dúdú ńkọ́?"

"Eérú inú rẹ̀ á ta á lára, Màámi."

"Omi iyọ̀?"

"Sójú egbò?"

Ìyá Dosu gbé ìgò náà kalẹ̀ gbì. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó kàn fi ìbínú bò ó ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìbejì ló kọ́kọ́ bí kó tó bí Dosu. Ìdodo wọn kẹ̀, ara wọn gan, wọn ò lè mu ọyàn mọ́, kò sì sí èyí tó rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ọwọ́ òun ló pa wọ́n. Kò sí ohun tí kì í fi apakòkòrò fọ̀ nílé, títí kan ìka rẹ̀ tó ti sán.

"O ò mọ ohun tójú mi rí," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n."

"Kí lẹ fi ń fọ ọwọ́ nígbà yẹn?"

"Ọṣẹ àti omi. Kí ló tún wà?"

"Kí ni wọ́n fi gé ìwọ́ wọn?"

Ìyá Dosu fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Abẹ́ kan. Ó ti dógùn-ún."

"Màámi, abẹ́ yẹn ni. Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lásán, ó na méjèèjì síwájú. Túnmiṣe gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.