Ẹ̀wù tí Kò Ní Ọrùn

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, òjò winniwinni sì ń rọ̀ nígbà tí mo jí pẹ̀lú àárẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú àlá fún yín kí n tó gbàgbé.

Mo wà ní kíláàsì ìránṣọ tí mo máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa ń fi aṣọ àlòkù tí a mú wá láti ilé rán ẹ̀wù kan ṣoṣo tí olùkọ́ fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n apá aṣọ nìkan ni olúkúlùkù gé sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ̀wù náà wá di kìkì apá. Ó kún orí tábìlì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn apá náà sì ń fa ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé. Kò síbi tí ènìyàn lè ki orí bọ̀.

Bọ́lá, olórí wa, yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin là ń wò o. Bùbá yín nìkan ló ṣì pé."

Bùbá ìyá mi tó ti kú ni, èyí tí mo tọ́jú pamọ́ sínú àpótí. Mo ní ó rẹ̀ mí, kí n jókòó ná. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún mi.

"Ṣé kòkòrò lo fẹ́ kó jẹ ẹ́ ni?" ó bi mí. "Gé ọrùn rẹ̀ sí ẹ̀wù yìí, jàre. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ máa lọ sílé."

Mo gbé àlùmọ́gàjí. Ó wúwo bí ọkọ́. Bí mo ṣe ya ẹnu rẹ̀, mo jí.

Ní báyìí tí mo ti dìde, bùbá náà ti kúrò nínú àpótí mi. Mo ti gé e.