Ẹ̀rọ Rẹ́kọ́ọ̀dù Tó Ń Kùn

Télọ̀ lè tú aṣọ tó ti rán kó tún un rán láì fajú ro, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, díẹ̀ ló kù kó gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ gba ojú fèrèsé jù síta.

Kó tiẹ̀ tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo orin lórí ni sípíkà ti ń kùn hùùùn, bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́nú agolo.

Ká ní orin mìíràn ni, ì bá pa á tì. Ṣùgbọ́n àwo tí ẹgbẹ́ akọrin ìyá rẹ̀ ṣe nígbà tí ìyá náà wà láyé ni, Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣalábàápàdé rẹ̀ láàárín ẹrù àlòkù ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá kú, ń bọ̀ lọ́sàn-án wá gbọ́ ohùn Màámi.

Ó yọ wáyà iná, ó tì í bọ ojú iná mìíràn. Hùùùn. Ó ra wáyà tuntun, ó fi so ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ ampilifáyà tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Hùùùn. Ó pa firiiji.

"Ta ló pa firiiji?" Ìyàwó rẹ̀ figbe ta láti ilé ìdáná. "Ẹja mi ti ń ṣomi!"

"Èmi ni. Mo ń wá ohun tó ń kùn."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń kùn látàárọ̀!"

Aládùúgbò wọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mo-ti-mọ̀ yọrí wọlé. "Sípíkà ló ti bàjẹ́. Mo ti mọ̀."

Télọ̀ yọ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kúrò, ó so rédíò mọ́ ampilifáyà náà. Ohùn tó jáde mọ́ gaara bí omi òjò.

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe sípíkà," ni Mo-ti-mọ̀ wí.

Télọ̀ yọ rédíò kúrò. Ó dá ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù padà, ìkùn náà sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Inú bí i, ó gbá apá onírin tó gbé abẹ́rẹ́ dání mú. Kẹ́kẹ́ pa. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀: hùùùn. Ó tún dì í mú: ó dákẹ́.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wọlé bá a nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, mi ò lè dìde. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á kígbe."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa dì í mú tí orin á fi tán?"

"Àǹtí, ẹ bá mi bi í," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ìbéèrè náà ta á lára, àmọ́ ó là á lọ́yẹ. Tọ́wọ́ òun bá ń pa á lẹ́nu mọ́, á jẹ́ pé ohun kan ló yẹ kó máa di irin yẹn mú. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ìdí apá onírin náà wá ń fì dirodiro níbẹ̀, kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ti rò pé àṣẹ́kù lásán ni. Ó wé ẹnu rẹ̀ mọ́ sukúrúù kékeré tó wà lẹ́yìn ampilifáyà, ó dè é pinpin. Ìkùn náà lọ sílẹ̀, ó ku díẹ̀ bí ẹni ń mí. Ló bá gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí ampilifáyà tó gbé e lé látàárọ̀, ó gbé e sórí àpótí lọ́tọ̀, kí iná inú ampilifáyà má baà máa dà á láàmú. Ilé pa lọ́lọ́.

Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dijú. Nígbà tí orin dé ibi ègbè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbọ́ ẹni tó ń dé lẹ́yìn gbogbo èèyàn? Màámi nìyẹn! Gbogbo ìgbà ni ọ̀gá akọrin máa ń bá wọn jà sí i."

Télọ̀ tẹ́tí. Lóòótọ́, nígbà tí àwọn yòókù ti parí, ohùn tínínrín kan ṣì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò kánjú rárá.

"Màámi ò gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ń fi etí gèlè nu ojú. "Gbé abẹ́rẹ́ yẹn padà sẹ́yìn."

Mo-ti-mọ̀ la ẹnu.

"Ẹ dákẹ́!" ni gbogbo ilé wí.