Àga Tó Kẹ̀yìn sí Fíìmù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ràn irú orin tí wọ́n ń gbọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Kò ṣeé jó, kò sì ṣeé fi rẹ ọmọ tó ń sunkún. Gìtá rẹ̀ ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, ẹni tó ń kọ ọ́ ń ráhùn bí ayálégbé tí òrùlé ń jò lé lórí, béèsì, ohùn gìtá tó ń kù nísàlẹ̀, nìkan ló ń rìn lọ níwájú, tí kò wo ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ṣe é nígbà kan. Wọ́n gbé àwo méjì péré jáde, wọ́n jà, wọ́n túká, ayé sì gbàgbé wọn. Ayé gbàgbé o, Télọ̀ kò gbàgbé.

Mẹ́rin ni wọ́n tó ń pàdé níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Télọ̀ ló ni yàrá. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Káfíńtà ni ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì láti kékeré. Nọ́ọ̀sì jẹ́ àbúrò Káfíńtà, ọmọ ìyá kan náà. Ó kọ́kọ́ wá síbẹ̀ láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé wá jẹun, ó jókòó díẹ̀, kò sì rántí oúnjẹ mọ́.

Bí wọ́n bá ti gbọ́ àwo tán, fíìmù ló kàn. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń wò. Nínú tiwọn, ọkùnrin kan á jókòó, á le ojú koko, á sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò lórí tí kò nídìí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ẹni tó bá mú fíìmù wá kò gbọdọ̀ wò ó. Tíṣà ló fà á. Nígbà kan rí, bí fíìmù bá jẹ́ tirẹ̀, kò ní jẹ́ kí ènìyàn gbádùn rẹ̀: "Ẹ dúró ná, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ẹ wojú rẹ̀!" Nígbà tó sú wọn, Télọ̀ yí àga Tíṣà padà, ó ní kó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, kó máa wo ojú àwọn yòókù. Ìyà ni wọ́n fi ṣe. Àfi bí Tíṣà ṣe wá sọ pé láyé òun, òun ò rí fíìmù tó dùn tó ojú àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba àga yẹn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí Káfíńtà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé etí òun ń lọ. Ẹ̀rọ ìlagi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ti ọ̀tún ń gbọ́ nǹkan bí ẹni pé ògiri wà láàárín. Nọ́ọ̀sì rí i pé ó ń pariwo lórí fóònù, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò níbi iṣẹ́ mi." Káfíńtà ní ìdọ̀tí lásán ni.

Kì í ṣe etí gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ọjọ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú rẹ̀, tí Télọ̀ á ní kí wọ́n kúkú wá nǹkan mìíràn máa ṣe, tí yàrá náà á sì tú nítorí tirẹ̀. Nítorí náà ó ń ta ọgbọ́n. Bí orin bá ń lọ, á fi ẹsẹ̀ ti ẹsẹ̀ tábìlì tí sípíkà wà lórí rẹ̀, béèsì á sì gba inú pákó wọ inú egungun rẹ̀. Bí fíìmù bá ń lọ, á máa fojú ẹ̀gbẹ́ wo àwọn yòókù, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ ni ọjọ́ tí fíìmù bá jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò etí lórí àga yẹn.

Ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, òun ló mú fíìmù wá. Ohùn tẹlifíṣọ̀n Télọ̀ ti kú tipẹ́, sípíkà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo yàrá: bí orin bá parí, onífíìmù á fa wáyà yọ lẹ́yìn giramafóònù, á tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Káfíńtà fa wáyà yọ, ó fi í sílẹ̀ kó lè yí àga. Aṣọ àwọn oníbàárà Télọ̀ wà lórí àga náà, ó kó wọn kúrò, Tíṣà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ká aṣọ bí ẹni tó fẹ́ jí wọn gbé. Ó fi fíìmù sí i, ó jókòó, ó kọjú sí wọn.

Nínú fíìmù náà, ọlọ́dẹ kan ni wọ́n gbà kó máa ṣọ́ ilé ńlá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Olè kò wá. Ẹ̀rù wá ń ba ọlọ́dẹ pé wọ́n á dá òun dúró, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilé náà fúnra rẹ̀, á sì tún máa lé ara rẹ̀ kiri. Káfíńtà ti wò ó nígbà tí etí rẹ̀ ṣì pé, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí wọ́n dé.

Wọ́n dé ibi tí ọlọ́dẹ ti ń fọ̀rọ̀ wá ara rẹ̀ lẹ́nu wò, tó ń kúrò lórí àga kan bọ́ sórí èkejì. Kò síbi tó dùn tó ibẹ̀. Káfíńtà tẹ̀ síwájú, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ara wọn. Tíṣà la ẹnu, Nọ́ọ̀sì gbá a lórúnkún mú, ó pa ẹnu dé. Tíṣà tí kì í pa ẹnu dé! Káfíńtà fà sẹ́yìn. Ó rò ó pé bóyá fíìmù náà ni kò dùn mọ́. Nígbà tí ọlọ́dẹ jábọ́ lórí àkàbà, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Télọ̀ ń gbá itan rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, Nọ́ọ̀sì sì ń nu ojú. Káfíńtà sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rín ló fa omi ojú náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wò ó tán.

Ó dìde láti yọ wáyà. Wáyà wà nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, níbi tó fi í sí.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti dún?" ló bi wọ́n.

Nọ́ọ̀sì wá sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó gbóhùn sókè. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

Inú bí Káfíńtà. "Ẹ wá ń fi mí ṣe ọmọdé! Ẹ jókòó, ẹ ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn fún mi!"

Télọ̀ dìde, ó dúró síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun dáadáa. "Ṣé ìwọ nìkan ló lè rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn ni? Láti ìgbà wo lo ti ń bá wa rẹ́rìn-ín ohun tí o kò gbọ́?" Ó nawọ́ sí àga. "Ọjọ́ tí kì í bá ṣe tìrẹ, ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

Káfíńtà wo àga náà, ọ̀rọ̀ sì yé e. Gbogbo wọn ló ti jókòó síbẹ̀. Olúkúlùkù ló ti wo ojú rẹ̀, tó rí i pé lẹ́yìn àwọn yòókù ló máa ń rẹ́rìn-ín, tó sì gbé e mì láìsọ fún ẹnì kejì. Ọgbọ́n tó ń ta fún wọn, ojú gbogbo wọn ló ti ń ta á.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"A rò pé bí a bá sọ ọ́, o ò ní wá mọ́," ni Télọ̀ wí.

Ojú ti Káfíńtà. Ó jókòó. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá wọ́n lè dá etí òun padà. Nọ́ọ̀sì kì í parọ́ fún aláìsàn, kò sì parọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù ni kí wọ́n gbà là. Lọ́la ni kó bá òun lọ síbi iṣẹ́. Káfíńtà ní òun á lọ. Ó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, kò sì fi ọwọ́ bojú.

Tíṣà fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Jọ̀ọ́, kí ni ọlọ́dẹ yẹn ń sọ nígbà tó ń pààrọ̀ àga? Àìgbọ́ ọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Káfíńtà wò ó. Ó dìde, ó dá fíìmù padà síbẹ̀, kò mú wáyà nílẹ̀. Ó yí àga sí ẹ̀gbẹ́ kó lè rí ọlọ́dẹ, kó sì rí àwọn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn bí ẹnu ọlọ́dẹ ṣe ń lọ. Ohùn rẹ̀ ti ga jù, ó mọ̀ ọ́n látara bí Télọ̀ ṣe fa orí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Níbo lo wà nígbà tí olè wọlé?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, sà."

"Ta ló rí ọ?"

Ọlọ́dẹ bọ́ sórí àga kejì, ó tún fìlà ṣe. Káfíńtà mọ èsì tó ń bọ̀: olè náà ni. Kó tó ráyè sọ ọ́, ẹ̀rín ti bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ṣáájú ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn. Àwọn yòókù tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń dúró kó rẹ́rìn-ín tán.