Ẹ̀gẹ́ Ọjọ́ Mẹ́ta

Morónkẹ́ ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, á ní òun ti gbọ́, ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wọn, Madam Susannah, pè é. Ó ní àwọn àgbẹ̀ Ìjàgbó ti ń rẹ́ àwọn jẹ. Òfin ni pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú, tó ti lé ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta, kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí á ti máa bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà sì fi hàn pé tiwọn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, òun yóò ti géètì mọ́ wọn.

Alága àwọn àgbẹ̀ náà, Bàbá Fátọ̀míwá, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kò sí ilé iṣẹ́ mìíràn nítòsí. Bí wọ́n bá ti géètì, inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ àwọn yóò jẹrà sí.

Morónkẹ́ ní kí ọ̀gá fún òun di ọ̀sán náà.

“Ṣé ìwọ náà ti di ará Ìjàgbó ni?”

“Ọmọ Ọ̀fà ni mí, mà. A kì í kúrò lójú ìjàkadì kí ẹ̀yìn ẹnìkan tó kan ilẹ̀.”

Àtẹ méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti oko: ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá hú ẹ̀gẹ́, á fi fóònù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì gba ọjọ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkejì ni ti géètì: Habeeb tó ń gba ẹrù wọlé á béèrè pé ó di ọjọ́ mélòó tí wọ́n ti hú u, á kọ iye náà, kọ̀ǹpútà á sì ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ó yẹ kí àtẹ méjèèjì fẹnu kò.

Morónkẹ́ kọ kóòdù ráńpẹ́. Ó ní kí ó fi ìlà wé ìlà: èyí tí orúkọ, nọ́ńbà ẹrù àti ọjọ́ wọn bá bára mu, kí ó yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Bí asẹ́ ni.

Ìyókù yìí ni Madam Susannah ti rí tó fi bínú. Morónkẹ́ wò ó, ó sì tún wo àwọn tó ti bọ́ lójú asẹ́. Àwọn tó bọ́, òdo àti oókan ni Habeeb kọ sí wọn: ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ kàn pè ní ti òní tàbí ti àná. Àwọn tó há, ẹẹ́ta ni, àfi ọ̀kan tó jẹ́ ẹẹ́rin. Kò sí eéjì rárá, látọdún tó kọjá.

Ẹ̀gẹ́ kì í fo ọjọ́ kejì. Òpùrọ́ pẹ̀lú kì í fi kún ọjọ́ tí yóò dá a lẹ́bi.

Ó jáde lọ bá Bàbá Fátọ̀míwá, ó kúnlẹ̀. Ó bi í pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá hú ní Mọ́ńdè, tó bá di Wẹ́sìdeè, ọjọ́ mélòó ni.

“Mẹ́ta. Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè. Ṣé wọn ò kọ́ yín níléèwé ni?”

Ó padà wọlé.

“Mà, ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, ìgbà wo la ó sọ ọ́ lórúkọ?”

“Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó pé ọjọ́ mẹ́jọ.”

“Kọ̀ǹpútà yóò ní méje ni. Kì í ka ọjọ́ tí wọ́n bí i mọ́ ọn.”

Morónkẹ́ fi gbólóhùn kan kún kóòdù rẹ̀: iye tó bá ju oókan lọ, kí ó yọ oókan nínú rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlà bára mu, asẹ́ ṣófo. Ó wá ní kí ó mú èyí tó lé ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta ní tòótọ́ jáde. Ẹyọ kan ló wá. Ó rí orúkọ tó wà níbẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Ó pe bàbá wọlé, ó kà á sókè.

“Fátọ̀míwá.”

“Èmi ni,” ni bàbá wí. “Ọkọ̀ tó kó o bàjẹ́ lọ́nà. Mo sọ iye ọjọ́ rẹ̀ fún Habeeb, n kò bù ú. Ẹ kọ ọ́ mọ́ mi lọ́rùn.”

Madam Susannah pe Habeeb, ó ní láti òní lọ kí ó má bi ẹnikẹ́ni ní iye ọjọ́ mọ́. Kí ó máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n hú u gan-an. Kò dárúkọ géètì mọ́.

Bàbá Fátọ̀míwá dìde, ó sì fi fóònù pe oko pé kí wọ́n máa hú ẹ̀gẹ́ lọ.