Ẹ̀rọ Omi Tó Padà Wá Lẹ́ẹ̀kẹta

Ìgbà kẹta rèé tí ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ilé ìfọṣọ máa padà sí ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ó ń gbóná bí ìkòkò orí iná. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì jogún: ẹ̀gbọ́n ń tún irin ẹ̀rọ ṣe, àbúrò ń ra wáyà, ó sì ń wé e mọ́ irin náà. Lọ́kàn ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ ti parí. Ọmọ yìí ń ra ayédèrú wáyà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, níbo ló ti rí bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn?

Kí àbúrò tó dé láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n ti di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló di àpò mi?"

"Béèrè lọ́wọ́ wáyà tó o rà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà ò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ kúrò, ká dán irin nìkan wò."

"Irin tó dàgbà jù ẹ́ lọ lo fẹ́ purọ́ mọ́!"

Ṣùgbọ́n wọ́n tú u. Ẹ̀gbọ́n fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú rẹ̀ wò fínnífínní, kí ọmọ yìí má lọ fi nǹkan pamọ́. Irin lásán ló kù, òfìfo bí agolo. Àbúrò mú wáyà nínípọn kan, ó gbé e gba ihò irin náà yípo lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sì so ó mọ́ iná. Ẹ̀gbọ́n ní òun fúnra òun ni yóò tan iná. Òun ò fẹ́ àrékérekè.

Irin náà ń kùn bí oyin. Nígbà tó yá, wọ́n pa iná. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa á yíká: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́…

"Yéè!"

Ojú kan ṣoṣo ló jó o, kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Irin ibẹ̀ sì ń dán bíi dígí.

Irin inú ẹ̀rọ kì í ṣe odindi. Pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tò léra, tí wọ́n fi ọ̀dà fáníìṣì wọ̀ láṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iná má baà kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá lọ ojú wọn pa pọ̀ ti bọ́ wọn láṣọ. Iná á máa yípo nínú irin, á sì di ooru.

"Ta ló fi gíráńdà lọ ibí yìí?" àbúrò béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rántí. Lọ́dún tó kọjá, irin tó ń yí láàárín ń ha ibẹ̀. Òun ló lọ̀ ọ́ títí ó fi dán, tó tún ń fi yangàn. Eérú tó dà ti tọ̀ ọ́ wá.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀. "Ṣé kí n máa lọ?"

"Lọ síbo? Ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbá tí mo fi gbé e síbẹ̀."

"Ẹ ò gbálẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú."

Ẹ̀gbọ́n gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to irinṣẹ́ padà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàtà yẹn ńkọ́?"

"Màmá wa ló rà á."

"Wọn ò ra tèmi," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì tún ń wo bàtà náà.